Ìkìlọ̀ Mẹ́ta, Ọta Mẹ́fà

Ọta kẹrin já bọ́ lọ́wọ́ Oyèníran, ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ tábìlì àwọn olùyẹ̀wò.

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún," ni Akọ̀wé wí. "Ọta mẹ́ta ti wọlé. Ẹ̀yin Oyèníran, ẹ máa bá a lọ."

Akọ̀wé kì í ṣe ènìyàn. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, tí kò ju agolo mílíìkì méjì tí wọ́n tò pọ̀ lọ, tí wọ́n gbé ka orí tábìlì kó lè máa gbọ́ ohun gbogbo, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ lédè ti kìlọ̀ fún un pé Yorùbá kì í fi ọ̀wọ̀ ṣeré, ló bá di pé kò sí ẹ̀dá tí kì í pè ní ẹ̀yin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewúrẹ́ kan ya wọ àgbàlá Ilé Omi, ibi tí ìjọba ti ń wọn omi fún ìlú, nígbà tí ìjókòó ń lọ lọ́wọ́, Akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé, "Wọ́n wọlé, wọ́n jẹ ewé, wọ́n jáde."

Oyèníran tẹ̀ ba, orúnkún rẹ̀ ké. Ẹ̀gbẹ́ bàtà Ẹnjiníà Lámídì ló ti bá ọta náà, ẹnjiníà kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún. Aṣọ rẹ̀ funfun nínú ọyẹ́ tó ti sọ ara gbogbo ènìyàn yòókù di eléérú.

"Ẹ rọra, Bàbá," ni Lámídì wí. "Olè á dúró dè yín."

Ó ti rẹ Oyèníran ju kó máa wá èsì fún ẹ̀fẹ̀. Ó fi aṣọ nu ọta náà, ó sì tì í bọ ihò rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ tó dì mú ni àwọn aṣọ́nà ń pè ní ọlọ́ta mẹ́fà: irin dúdú tó wúwo, tó ní àgbá róbótó kan láàárín, tí ihò mẹ́fà wà nínú rẹ̀, tí àgbá náà sì máa ń yí díẹ̀ nígbàkigbà tí ìka bá fà á. Kò ní bátìrì, kò ní ojú, kò ní etí. Ogójì irú rẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú àpótí irin Ilé Omi Òkè-Arómi, tí wọ́n fi aṣọ olóróró wé, òun nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn.

Nígbà tó ki ọta kẹfà tán, Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì ti lọ. Oyèníran dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà sí pákó tó wà ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Márùn-ún bà á. Ẹ̀kẹfà wọ inú ògiri amọ̀ lẹ́yìn pákó.

"Ó dáa," ni Ìyáàfin Dúrótoyè wí, obìnrin tó jẹ́ alága ìjókòó. Tíṣà ló ti fi ọdún gbọọrọ ṣe kí wọ́n tó pè é sí ìgbìmọ̀ yìí, ó sì ṣì ń wo ènìyàn láti òkè awò rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé o kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ. "Ẹ jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran. Ẹ fún wọn lómi."

Kíkẹ́lọmọ ló gbé omi wá. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, aṣọ́nà bíi Oyèníran, Oyèníran ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ife kékeré ni, ìwọ̀n tí òfin fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kíkẹ́lọmọ tẹ̀ ba, ó sọ ọ́ sí i létí.

"Bàbá, ẹ bá wa dúró fún ọlọ́ta mẹ́fà lónìí. Mi ò lè fọwọ́ kan Ẹlẹ́tìí mọ́ láyé mi."

Ohun tó mú wọn jókòó gan-an nìyẹn. Ẹlẹ́tìí ni ìbọn tí ẹnu ọ̀nà omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti ń lò láti ọdún méje. Ó ní etí, ó ní ojú, ó sì ní ìrántí. Aṣọ́nà á yọ ọ́, àmọ́ kò ní dún àfi bí ọ̀gá ẹnu ọ̀nà bá fi ohùn ara rẹ̀ pàṣẹ fún un pé, "Yìn ín." Ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀, Ẹlẹ́tìí á rò ó fún adájọ́ láìfi ọ̀kan pe méjì. Ìlú yọ̀ nígbà tí wọ́n kó o dé. Kò sí ẹni tó rántí pé ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń sọ bí ìwà ènìyàn bá wù wá.

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí Kíkẹ́lọmọ fojú rí ewu rẹ̀. Ọkùnrin méjì ń jà lórí ipò nínú ìlà omi. Ó yọ Ẹlẹ́tìí, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ là wọ́n láìbú ẹnikẹ́ni. Inú bàbá arúgbó kan tó dúró níwájú rẹ̀ dùn. Bàbá náà yíjú sí àwọn tó wà nínú ìlà, ó ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n o. Ẹ bá mi yìn ín." Ohùn bàbá jọ ti ọ̀gá ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́tìí gbọ́ èyí tí wọ́n kọ́ ọ láti máa gbọ́, ó dún, ó sì fọ́ ojúgun bàbá. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà báyìí.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti kó gbogbo Ẹlẹ́tìí tì mọ́lé. Kóńdó ni àwọn aṣọ́nà fi ń ṣọ́ omi, àwọn olè sì ti já ẹnu ọ̀nà méjì. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ pinnu lónìí bóyá kí wọ́n tún etí Ẹlẹ́tìí ṣe kí wọ́n sì dá a padà, tàbí kí wọ́n kó ọlọ́ta mẹ́fà àtijọ́ fún àwọn aṣọ́nà. Òfin sì sọ pé ohun ìjà kankan kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé àgbà kan nínú iṣẹ́ náà dúró fún un. Àgbà náà á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí Akọ̀wé, á ní, "Ó yẹ, mo dúró fún un." Bí ìbọn náà bá wá ṣe ènìyàn ní ibi, ọrùn rẹ̀ ni.

Oyèníran ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Oṣù márùn-ún ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ká ní ó rí ẹlòmíràn tó lè jókòó sórí àga yẹn dípò rẹ̀, ì bá fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹnjiníà," ni alága wí, "ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ béèrè."

Lámídì, ẹni tó ń bójú tó Ẹlẹ́tìí, fà súnmọ́ tábìlì. "Ogójì ìṣẹ́jú àáyá láti ki ọta mẹ́fà. Olè wo ló máa jókòó dúró?"

"Ọ̀dọ́ á ṣe é ní mẹ́wàá," ni Oyèníran wí. "Ọwọ́ tèmi ló ti gbó. Kì í ṣe ẹjọ́ ìbọn."

"Ẹ gbà pé ọta mẹ́fà péré ló ní. Àwọn àgbà ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí mẹ́fà bá tán ńkọ́?"

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀. Oyèníran náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

"Bí aṣọ́nà bá yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹfà tí ọ̀rọ̀ kò tíì tán, ẹnjiníà, kì í ṣe iṣẹ́ aṣọ́nà mọ́. Ogun ni. Ọyẹ́ yìí tó ń fọ́ Ẹlẹ́tìí yín lójú lọ́dọọdún, ọlọ́ta mẹ́fà kò mọ̀ bóyá ọyẹ́ wà. Bí ọta kan bá kọ̀, tún fà á, òmíràn á bọ́ sípò. Ọmọ ọdún méjìdínlógún á kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan."

"Ó sì máa ń gbọ́ràn sẹ́ni tó mú un lẹ́nu nìkan," ni Kíkẹ́lọmọ wí láti ìdí ògiri. "Kì í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò pa láṣẹ. Kì í purọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Lámídì wí. "Kì í sì í sọ òótọ́. Odi ni. Ẹni bá mú un á yìn ín, á sì wá sọ èyí tó bá wù ú fún wa."

"Ènìyàn ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀," ni Oyèníran wí. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán, kó lọ sùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ó fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. "Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yìn ín sí ènìyàn."

Alága gbé awò rẹ̀ sókè díẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ó wí. "Nígbà wo?"

Lámídì ti ń ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Olè omi kan. Wọ́n ké ìkìlọ̀ mẹ́ta, kò gbọ́. Ohun tó wà níbí nìyẹn."

"Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Òfin ní kí ẹni tó fẹ́ dúró fún ohun ìjà ròyìn ìgbà tó lò ó." Ó yíjú sí Oyèníran. "Ìkìlọ̀ mẹ́ta náà, ẹ ké e?"

Kò sí aṣọ́nà tí kò mọ ìkìlọ̀ mẹ́ta. Dúró níbẹ̀. Sọ orúkọ rẹ. Gbé ọwọ́ rẹ sókè. Oyèníran ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, ó sì máa ń nà wọ́n lọ́rọ̀ tí wọ́n bá gbàgbé ìkejì. Ohun tó kàn yẹ kó sọ báyìí ni "bẹ́ẹ̀ ni". Ó ti sọ ọ́ rí. Ó ti bu ọwọ́ lù ú.

Ó wo ojú ọ̀nà tó gba abẹ́ òkè lọ. Ìyá Mojírayọ̀, opó ọkùnrin ọjọ́ yẹn, máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ọ̀sán, òun àti ọmọlanke rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Òfin ni pé ilé olè omi kì í fa omi fún ogún ọdún. Wọ́n á fi èdìdì òjé de ẹ̀rọ omi ilé náà, àwọn ará ilé á sì máa lọ tò ní ìdí ìlà, wọn ò ní pọn omi àfi tí gbogbo ènìyàn bá pọn tán. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin yẹn ti ń tò ní ìdí ìlà. Bó bá sì ti dé ẹnu géètì, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Bàbá Aṣọ́nà, ẹ kú iṣẹ́ o." Oyèníran á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Mojírayọ̀," bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ríra lánàá. Ìkíni yẹn ló ti rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ aṣọ́nà kò rẹ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọdún kan péré kí èdìdì náà kúrò fúnra rẹ̀. Ó ti ń ka ọdún náà bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá ti pé ogún, tí omi ti ń yọ ní ilé yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì pé ogún.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran," ni alága wí. "Ìkìlọ̀ mélòó?"

"Kò sí."

Kíkẹ́lọmọ gbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin Oyèníran," ni Akọ̀wé wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ. 'Kò sí' kì í ṣe nọ́ńbà."

"Kọ òdo síbẹ̀," ni Oyèníran wí.

Ẹ̀rù tó rò pé yóò bà á kò dé. Ó kàn ń ṣe é bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo sọ ilẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀. Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò sì sí ẹlòmíràn, ó ti wà ní ìdúró láti àárọ̀ àná. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sùn lórí ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó fa ìbọn yọ, ó yà ní kọ̀rọ̀, ó sì ko ọkùnrin kan lójú kòrókòró. Adékànḿbí ni, àgbẹ̀ tó ń gbé ní ìsàlẹ̀, ọkọ Ìyá Mojírayọ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan dání. Bó ṣe rí àgbà nínú yunifọ́ọ̀mù, ó ju kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ó dọ̀bálẹ̀," ni alága wí.

"Gbalaja. Bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Kẹ́ẹ̀gì dún gbàmù, mo rí ènìyàn tó da ara rẹ̀ lu ilẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ mú nǹkan ni. Ìka mi ti fà á kí n tó rò ó. Ó ti ń sọ pé, 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́.' Mo gbọ́ ọ. Kò sọ ọ́ tán."

"Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà," ni Lámídì wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ń wo ìwé. "Ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi nìyẹn."

"Ó wà níbẹ̀. Páìpù ìjọba ló bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀. Ó bu díẹ̀ níbẹ̀ kó lè fi hàn wá, kó sì wá mú wa lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni àwọn oníṣẹ́ rí páìpù náà. Mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń dí i." Oyèníran fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ìyìnbọn yẹn, àṣìṣe ni. Ọjọ́ kẹta yẹn, mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Akọ̀wé ń tàn, ó ń kú, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń kọ̀wé.

"Ká ní Ẹlẹ́tìí ni," ni Lámídì bẹ̀rẹ̀, ó sì dánu dúró.

"Níbo ni wọ́n ti kọ́ Ẹlẹ́tìí yín láti ríran?" ni Oyèníran bi í. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi pẹ̀gàn rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni. "Ṣé wọ́n fi ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ hàn án rí?"

Lámídì rò ó. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Kò sí ẹni tó bi mí rí."

Ìyáàfin Dúrótoyè yọ awò rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ó jọ pé ó ti dàgbà sí i láti ìgbà tí wọ́n jókòó. "Mo gbọ́dọ̀ bi yín ní ohun tí a torí rẹ̀ wá. Ọlọ́ta mẹ́fà yìí, ó yẹ fún aṣọ́nà, àbí kò yẹ?"

"Ìyá, ìbọn yẹn kò ní àléébù. Ẹ fi èèyàn méjì sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí ìkejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo dúró fún un, ẹ mú mi lọ́rùn."

"Ènìyàn wa kò tó," ni Lámídì wí. "Ẹ mọ̀ pé kò tó. Nítorí ẹ̀ ni a ṣe ra Ẹlẹ́tìí."

"Mo mọ̀."

"Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ̀rọ̀ gígùn yìí sí," ni Akọ̀wé wí. "Àyè méjì ló wà. Ó yẹ. Kò yẹ. Ẹ̀yin Oyèníran, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀kan."

Kíkẹ́lọmọ ti kúrò nídìí ògiri. "Bàbá, tí ẹ bá ní kò yẹ, Ẹlẹ́tìí ni wọ́n máa dá padà fún wa."

Oyèníran wò ó. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó sì mọ̀ pé láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni kò ti rí oorun sùn. Lọ́la wọ́n á fi ọmọ náà nìkan sẹ́nu ọ̀nà Kẹsàn-án, láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Ìrọ̀lẹ́ á lẹ́, ojú rẹ̀ á máa pa dé, ọmọlúàbí kan á sì yọ ní kọ̀rọ̀ kan.

"Kò yẹ," ó wí. "Kò yẹ fún ẹni tó rẹ̀, tó sì dá wà. Gbogbo wa ló rẹ̀. Gbogbo wa la dá wà."

Akọ̀wé kọ "Kò yẹ" nìkan. Alága ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun kọ ìyókù, òun yóò sì bá ìgbìmọ̀ ńlá fà á, àti pé títí wọn yóò fi dáhùn, kóńdó ni aṣọ́nà yóò máa lò. Kò jọ pé inú ẹnikẹ́ni dùn. Ó ní Oyèníran yóò dé iwájú adájọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé Lámídì súnmọ́ ara rẹ̀, ó fi bírò gba orí ọ̀rọ̀ "olè omi" kọjá, ó sì bu ọwọ́ lù ú.

"Èdìdì ilé yẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la," ó wí. "Ta ni yóò lọ gé e?"

"Èmi," ni Oyèníran wí.

Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó gbé e fún Kíkẹ́lọmọ pẹ̀lú ìbọn nínú àpò rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ gbà á, ó sì tì í mọ́ inú àpótí irin. Ó mú pínsà níbi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó sì bá a sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má ṣe fo ìkejì."

"Èmi ni."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa wo ojú yín."

"Má tíì wò ó," ni Oyèníran wí. "Jẹ́ ká dé ọ̀hún ná."

Ìyá Mojírayọ̀ wà lójúde, ó ń to kẹ́ẹ̀gì sórí ọmọlanke. Aránṣọ ni, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ṣì wà ní ọrùn búbà rẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú ilé. Mojírayọ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn tipẹ́, níbi tí wọn kò ti mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́bàá ògiri, ìpẹta ti bò ó, òjé sì di ọrùn rẹ̀ pa.

"Bàbá Aṣọ́nà," ó wí, ìyàlẹ́nu wà lójú rẹ̀. "Ẹ wọlé wá. Kò sí omi tí mo lè fi lọ̀ yín, ẹ má bínú."

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ẹ̀ mú kí Oyèníran padà. Ó dúró, kò jókòó sórí àpótí tí obìnrin náà fà fún un, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìró ẹsẹ̀ títí dé páìpù. Kò fi ohun kan pamọ́, kò sì tọrọ ohun kan. Bó ṣe ń sọ ọ́, obìnrin náà ń fi ìka wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n pé.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń kí yín ni?" ó bi í nígbà tó parí.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ, Ìyá Mojírayọ̀."

"Gbogbo ìgbà tí mo sì ń kí yín lẹ́nu géètì yẹn."

Ojú ń ti Oyèníran débi pé ilẹ̀ nìkan ló lè wò.

Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi, ó na pínsà sí èdìdì.

"Má gé e," ni Ìyá Mojírayọ̀ wí.

"Mà?"

"Má tíì gé e. Omi lè dúró. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti dúró, kò ní kú lónìí." Ó mú apá ọmọlanke. "Ìjọba ló fi òjé dí ẹ̀rọ mi. Àwọn ará ìlà ni wọ́n sọ ọkọ mi lórúkọ. Bí mo bá ń fa omi nínú ilé láti òní lọ, wọ́n á ní mo fún ẹnì kan ní nǹkan ni. Bàbá Aṣọ́nà, ẹ máa bọ̀."

Ó ti ọmọlanke síwájú, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ìlà omi ti gùn dé ìdí igi dóńgóyárò, bí ogójì ènìyàn, tí eruku ọyẹ́ bo irun àti ìpéǹpéjú wọn. Ìyá Mojírayọ̀ kọjá ìdí ìlà níbi tó máa ń dúró sí. Ó kọjá àárín. Ẹnì kan ní, "Níbo ni ìyàwó olè yìí ń lọ?" Kò dúró. Ó gbé ọmọlanke kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì yíjú sí Oyèníran.

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi," ó wí. "Ẹ sọ ọ́ sókè. Etí àwọn tó wà lẹ́yìn ti di."

Oyèníran ṣí kẹ́ẹ̀pù rẹ̀. Ó mọ púpọ̀ nínú àwọn ojú náà. Òun ló ti ń tò wọ́n láti ọdún gbọọrọ wá, òun ló ń bá wọn parí ìjà, wọ́n sì máa ń pè é ní bàbá rere. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, ó sì wù ú kó dùbúlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀.

"Èmi ni mo pa Adékànḿbí," ó wí. "Kò jalè. Ó ń kí mi ni."

Ọkùnrin kan láti ìdí dóńgóyárò ní òun kò gbọ́.

Ó tún un sọ.